Arọ Tó Gbọ́n

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni àwa tí à ń pa òwe yìí máa ń tẹnu mọ́, bí ẹni pé kí èèyàn ṣáà ti gbọ́ ni. Bí gbígbọ́ bá tó, àwọn àgbà kì bá tí fi "tó bá gbọ́n" kún un. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ lè dúró títí ìró ìbọn yóò fi dé ẹnu ibodè, kó tó ki eré mọ́lẹ̀. Arọ ò lè dán an wò. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kó ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà, kó ti bá ẹni tí yóò gbé e sọ ọ́, kó sì ti kúrò nílé nígbà tí àwọn aládùúgbò ṣì ń jiyàn pé ogun náà ò ní í wá.

Ilé gíga ti sọ gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì di arọ inú òwe yìí. Bí iná bá sọ ní àjà kẹta, tí èéfín gba àtẹ̀gùn kan, kí ni ẹsẹ̀ méjì fẹ́ ṣe fún ẹni tó wà ní àjà kẹwàá, tí kò mọ ibi tí àtẹ̀gùn kejì wà?

Ọkùnrin kan tó mọ èyí dájú ni Rick Rescorla, ọmọ Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti jagun fún Amẹ́ríkà ní Vietnam. Òun ni olórí ètò ààbò fún ilé iṣẹ́ tó wá di Morgan Stanley ní World Trade Center, New York. Ó ti kìlọ̀ ṣáájú pé ẹnikẹ́ni lè fi ọkọ̀ gbé bọ́ǹbù wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lábẹ́ ilé náà. Wọn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ní 26 oṣù Kejì ọdún 1993, bó ṣe wí náà ló rí: èèyàn mẹ́fà kú, iná kú lórí àtẹ̀gùn, èéfín gbòde, ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn èèyàn sì fi ń táràrà sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn.

Rescorla ní àwọn tó gbé bọ́ǹbù náà wá á tún padà. Láti ìgbà náà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀gá tọmọọṣẹ́ ló ń kó sórí àtẹ̀gùn, ní méjì méjì, tí òun á máa wo aago. Inú àwọn tí ìṣẹ́jú wọn jẹ́ owó ńlá kò dùn sí i, wọ́n kùn. Ní 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ní aago 8:46, ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé kìíní. Gbohùngbohùn ilé kejì, níbi tí àwọn Rescorla wà, ń sọ fún àwọn èèyàn pé kò séwu, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Rescorla gbé gbohùngbohùn tirẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kejì kọlu ilé tiwọn ní aago 9:03, púpọ̀ nínú wọn ti rìn jìnnà lórí àtẹ̀gùn. Nǹkan bí 2,700 òṣìṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ náà ní níbẹ̀. Èèyàn 13 ni wọ́n pàdánù. Rescorla wà lára wọn, nítorí ó ti padà gòkè lọ wá àwọn tó kù. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín fún ìgboyà ọjọ́ yẹn, ó sì tọ́ sí i. Ní tèmi, ọdún mẹ́jọ tó fi fara da kíkùn wọn ni mo kà sí jù.

Nínú ìlú New York kan náà, ní 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná ti sọ ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ Triangle, tó wà ní àjà kẹjọ sí ìkẹwàá ilé kan. Àwọn ọ̀gá wà ní àjà kẹwàá. Ẹnì kan fi tẹlifóònù ta wọ́n lólobó, wọ́n sì gba orí òrùlé sá là. Kò sẹ́ni tó pe àjà kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan níbẹ̀ wà ní títì pa, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde níbi tí wọ́n ti ń yẹ báàgì wọn wò, kí wọ́n má baà jí aṣọ gbé. Àtẹ̀gùn irin ẹ̀yìn ilé wó mọ́ àwọn tó sá sórí rẹ̀. Àkàbà àwọn panápaná ò ga ju àjà kẹfà lọ. Èèyàn 146 ló kú, ọmọbìnrin aṣíkiri ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Mo kọ èyí nítorí àgádágodo. Ẹ lọ wo ilé iṣẹ́ àti ilé ìtajà tó pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn: ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó yẹ kí èèyàn gbà sá wà ní títì nítorí olè, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó lè má wá síṣẹ́ lónìí. Wọ́n fi irin dí ojú fèrèsé. Páálí kún orí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù olè ń bà wọ́n ju ẹ̀rù iná lọ, mo mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣeé tari ṣí láti inú, tí kò ṣeé ṣí láti ìta, ti wà lọ́jà tipẹ́. Ní 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná sọ ní Afriland Towers ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. Èéfín gba inú ilé, àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde, ẹ̀mí sì ṣòfò. Èéfín ló ń yára pani ju ọwọ́ iná lọ. Òkè ló máa ń kọ́kọ́ gbà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń rá kòrò, fi máa ń rí afẹ́fẹ́ mí, tí ẹni tó sáré wọ lífítì sì wà nínú ewu. Ará Èkó lè pe 767 tàbí 112, kó sì pè é láti ìta.

Mo wá kan arọ gan-an. Oníṣirò owó kan tí apá àtẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ ń ṣiṣẹ́ ní àjà 69 ní World Trade Center. Lọ́dún 1993, ó tó wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e dé ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aláṣẹ ilé náà ra àga tó ń yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi iná alábátìrì àti ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn sí orí àtẹ̀gùn. Lọ́dún 2001, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá gbé e sórí àga náà, wọ́n ń gba ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ilé tó wó. Nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ti kọlu ilé méjèèjì, nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 ló yè.

Òfin Nàìjíríà tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tó di òfin ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ó ti pé. Níbi tí wọ́n ti tún un ṣe, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ìloro la sábà máa ń rí, ó sì ń gbé àwọn aláàbọ̀ ara wọlé. Ta ni yóò gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin nígbà tí lífítì bá kú? Kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò gbé wọn sílẹ̀, ní ẹni mẹ́rin mẹ́rin, kí àwọn náà sì ti gbé wọn dé ìsàlẹ̀ rí lọ́jọ́ tí kò sí iná.