Ìkún-omi, Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Iṣẹ́ Ẹja ní Nàìjíríà

Ní ọdún 2012 àti 2022, ìkún-omi ńlá bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà mọ́lẹ̀. Ti ọdún 2022 gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 600, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni olórí ohun tí ó fà á. Omi tí a tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù tún gba odò Bẹ́núé wá kún un. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì rà sínú omi kí ìkórè tó dé. Irè oko Bẹ́núé àti Kogí sì wà lára ohun tí ọjà wa ń retí.

Ní ti ẹja, ìkún-omi a máa ya etí adágún, ẹja ọ̀sìn a sì bá omi lọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé ẹ̀wẹ̀, omi a gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a dínkù, ẹja a máa kú.

Lọ́dọọdún, àjọ ojú ọjọ́, NiMet, ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Àjọ NIHSA ń kéde ibi tí omi lè kún. A rọ ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ yìí láti fetí sí wọn. Ẹ tètè kórè ohun tí ó bá gbó létí odò, kí ẹ sì fi àwọ̀n yí adágún ẹja yín ká. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa.