Ìbọn Tí Kò Ní Ọta

Ìbọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣakabùlà ọdẹ, kì í sì í ṣe èyí tí àwọn sójà ń gbé kọ́ èjìká. Ìbọn tí kò ní ọta, tí kò ní ẹ̀tù, ìmọ́lẹ̀ ló ń yìn. Bí ẹ bá ti wo Star Wars tàbí Star Trek rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n: wọ́n á nawọ́ báyìí, iná pupa tàbí iná búlúù á já jáde, ẹni tí wọ́n nà án sí á sì dàwátì. Ìbọn onítànṣán ni n óò máa pè é, nítorí n ò tíì rí orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un lédè wa.

Ta ló kọ́kọ́ rò ó? Àwọn kan á ní Archimedes ni, ọlọ́gbọ́n ará Syracuse tí ìtàn sọ pé ó fi dígí kó oòrùn jọ sára ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Róòmù títí wọ́n fi gbiná, ní nǹkan bí ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi. Lójú tèmi, ó jọ àlọ́. Polybius, tó kọ ìtàn ogun náà nígbà tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, kò dárúkọ dígí kankan. Lóòótọ́, ní 2005, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT l'Amẹ́ríkà to dígí 127 jọ, wọ́n sì mú kí pákó tí wọ́n kàn bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbiná. Ṣùgbọ́n pákó ọ̀hún dúró sójú kan ni, oòrùn sì gbọ́dọ̀ yọ kedere. Ọ̀tá wo ló máa dúró dè yín títí kùrukùru á fi ká kúrò lójú ọ̀run?

Ẹni tí mo gbà pé ó bí ìbọn yìí ni H. G. Wells, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn-àròsọ rẹ̀, The War of the Worlds, jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Pearson's Magazine ní 1897, ó sì di odidi ìwé ní 1898. Àwọn ará Mars ló já bọ́ sí pápá Horsell, nítòsí ìlú Woking, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ́nù. Àwọn èèyàn pàtàkì kan kóra jọ, wọ́n gbé àsíá funfun dání, wọ́n ń bọ̀ wá bá àlejò sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé nǹkan kan yọ láti inú kòtò, ó yí ojú sí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ewé gbígbẹ. Kò sí ariwo ìbọn. Kò sí ohun tí ojú rí tó kọjá láàárín kòtò àti àwọn tó ń kú. Igi gbiná, ilé gbiná, bí ogójì èèyàn ló sùn sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tí wọn ò jí mọ́.

Wells kò fi idán ṣe é o. Ó ṣàlàyé pé àwọn àlejò yìí ń kó ooru jọ sínú yàrá kan tí ooru kò lè gbà jáde, tí wọ́n á wá fi dígí tó tẹ̀ kòǹgbà darí rẹ̀ síbi tí wọ́n bá fẹ́, bí dígí ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun ṣe ń darí iná fún àwọn awakọ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Wells ti rán àwọn èèyàn rẹ̀ létí àwọn ará Tasmania, tí àwọn òyìnbó fi ogun pa run láàárín àádọ́ta ọdún. Ó ní kí wọ́n má tíì bú àwọn ará Mars. Òótọ́ ni pé a rí lára àwọn ọmọ Tasmania títí dòní, ẹ̀jẹ̀ wọn kò tán bí Wells ṣe rò, ṣùgbọ́n ìpakúpa ọ̀hún kì í ṣe irọ́.

Ẹ wá wo ọjọ́ tó kọ ọ́. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim, èyí tí í rọ̀jò ọta láìsinmi, dojú kọ àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ní oṣù kejì 1897, wọ́n gbé Maxim kan náà wọ Ìlú Bìní, wọ́n sì kó àwọn ère idẹ lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìtàn Wells bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. N ò sọ pé Ìjẹ̀bú ló wà lọ́kàn rẹ̀. Tasmania ló dárúkọ. Ṣùgbọ́n ará Lọ́ńdọ́nù tó ka ìwé ìròyìn lọ́dún yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn ní ohun ìjà tí ẹnìkejì kò ní irú rẹ̀ rí. Wells kàn yí ẹnu ìbọn náà padà sí wọn ni. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1898, ìwé ìròyìn kan ní New York gbé ìtàn Garrett P. Serviss jáde: Thomas Edison fúnra rẹ̀ ló ṣe ohun ìjà tó ń sọ nǹkan di eruku, ó sì kó ọkọ̀ òfuurufú jọ lọ bá àwọn ará Mars nílé wọn. Ẹ ò rí nǹkan? Wells bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n dá a lóhùn pé àwọn náà á ra ìbọn tó ju tiẹ̀ lọ.

Ọ̀nà Serviss ni ọ̀pọ̀ gbà. Röntgen ti ṣàwárí ìtànṣán ẹ́síréè ní Jámánì ní 1895, àwọn èèyàn sì ti rí egungun ọwọ́ alààyè nínú fọ́tò, nítorí náà kò sí ohun tí wọn ò lè gbà pé ìtànṣán lè ṣe. Buck Rogers di àwòrán inú ìwé ìròyìn l'Amẹ́ríkà ní 1929, Flash Gordon tẹ̀ lé e ní 1934. Ọdún 1934 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Daisy ṣe ìbọn Buck Rogers fún àwọn ọmọdé láti fi ṣeré. Èmi rí ìdí tó fi tà: ìbọn onítànṣán kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó kú kò ní òkú, kò sí ẹni tó máa sin ín, kò sí ìyá tó máa sunkún lé e lórí. Kí ni òbí máa kọ̀ nínú ìyẹn?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí kì í ṣe àròsọ rárá. Ní 1924, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Harry Grindell Matthews, kéde pé òun ti ṣe ìtànṣán apani. Ìwé ìròyìn gbé e pòòyì. Ìjọba ní kó wá dán an wò lójú àwọn, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ó gba ilẹ̀ Faransé lọ. Ní 1934, Nikola Tesla tó ti pé ọdún 78 sọ fún àwọn oníròyìn pé òun mọ bí a ṣe lè já bàálù 10,000 lulẹ̀ láti máìlì 250. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù bàálù ajubọ́ǹbù kò jẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sùn. Wọ́n lọ bi Robert Watson-Watt, ọ̀gá níbi ìwádìí rédíò, bóyá ìgbì rédíò lè pa awakọ̀ bàálù. Watson-Watt kò gbé e lé ọmọ abẹ́ rẹ̀, Arnold Wilkins, lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní kó ṣírò iye agbára tó máa mú omi páìǹtì 8 gbóná láti ìwọ̀n 98 dé 105 lórí Fahrenheit, bí omi náà bá wà ní kìlómítà 5 síni, tó sì ga ní kìlómítà 1.

Ẹ bá mi rò ó: omi páìǹtì mẹ́jọ, ní ìwọ̀n ooru ara èèyàn. Wilkins kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀gá òun ń pè lómi. Ó ṣírò ṣírò, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ti ṣàkíyèsí pé bàálù tó bá ń kọjá máa ń da rédíò rú. Bí a kò bá lè pa á, ṣé a ò lè rí i? Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 1935, nítòsí Daventry, wọ́n fi ìgbì láti ilé rédíò BBC wá bàálù kan, wọ́n sì rí i. Bí wọ́n ṣe rí rédà nìyẹn, òun ló sì ń ta wọ́n lólobó ní 1940 nígbà tí bàálù Jámánì ń rọ́ bọ̀.

Lésà gan-an dé ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 1960, ní Malibu, nígbà tí Theodore Maiman tan iná bí ti kámẹ́rà yí òkúta rúbì ká. Àwọn oníròyìn ní ìtànṣán apani ti dé, àṣé iṣẹ́ abẹ ojú àti ìwé títẹ̀ ló máa wúlò fún. (Ó ṣeé ṣe kí lésà wà lára ohun tó tẹ ojú ewé tí ẹ ń kà yìí.) Nínú ìwé Goldfinger ti 1959, ayùn ni wọ́n fẹ́ fi la James Bond, nígbà tí fíìmù rẹ̀ jáde ní 1964, ayùn ti di lésà. Àwọn tó ṣe Star Trek sì pa orúkọ lésà tì kí ó tó dórí tẹlifíṣọ̀n ní 1966, wọ́n pè é ní phaser, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ pé lésà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Star Wars ní 1977 ló pa mí lẹ́rìn-ín: ìbọn Sterling gidi, ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n tún ṣe fún àwọn sójà aláṣọ funfun.

Ní 1995, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Vienna pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo lésà tí a dìídì ṣe láti fọ́ ojú èèyàn títí láé. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998. Ní 2014, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan, USS Ponce, gbé lésà tó lè dáná sun ọkọ̀ ojú omi kékeré àti dúróònù lọ sí àgbègbè Páṣíà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pupa, kò búlúù, ojú ò rí i, kò sì pariwo. Àdéhùn 1995 kò fọwọ́ kàn án. Ojú nìkan ló dáàbò bò, kò sọ nǹkan kan nípa jíjó.