Clifford Durr: Agbẹjọ́rò Ìjọba Tó Di Alábòójútó Rédíò ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì ní ìlú Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 1955. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òyìnbó agbẹjọ́rò kan wà lára àwọn tó lọ gba béèlì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Agbẹjọ́rò yìí ti fìgbà kan wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tó ń fún gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà ní ìwé àṣẹ. Clifford Durr ni orúkọ rẹ̀. À ń sọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé púpọ̀ nínú wa ló ń retí iṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn ìwé. Kí ni ipò wà fún? Ìgbà wo ló sì yẹ kéèyàn gbé e sílẹ̀?

Ọdún 1899 ni wọ́n bí Durr sí Montgomery. Ó kàwé ní Yunifásítì Alabama, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Rhodes gbà, ó sì lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Oxford. Nígbà tó padà, ó bá àwọn agbẹjọ́rò kan ṣiṣẹ́ ní Birmingham, àwọn tó ń gba ẹjọ́ rò fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Ní 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ó bá wọn jà nítorí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń lé lọ, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ òun náà. Hugo Black, àna rẹ̀ tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ nígbà náà, ló bá a wá ọ̀nà dé Washington.

Ibẹ̀ ló ti di agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Roosevelt. Àjọ tó wà ń fi owó ìlú gbé àwọn báńkì tó fẹ́ kógbá sílé dìde. Nígbà tí ogun ń bọ̀, ó tún wà lára àwọn tó ṣètò bí ìjọba yóò ṣe kọ́ ilé iṣẹ́ tí a ó ti máa ṣe ohun ìjà. Lójú tiwa, iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó jẹ́ ti ará ìlú àti ohun tó jẹ́ ti oníṣòwò.

Ní 1941, Roosevelt fi í ṣe kọmíṣọ́nnà ní FCC, àjọ tó ń bójú tó rédíò. Òfin 1934 ti sọ pé kò sẹ́ni tó ni afẹ́fẹ́ tí rédíò ń gbà kọjá. Ìwé àṣẹ oní-gbèdéke lásán ni ilé iṣẹ́ ń gbà, kí wọ́n lè fi ṣe ará ìlú láǹfààní. Durr di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Ó ń béèrè pé kí ni ará ìlú ń rí gbà yàtọ̀ sí ìpolówó ọjà. Ó wà lára àwọn tó jà fitafita kí wọ́n lè ya àyè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ lórí FM. Ní 1945, àjọ náà ya ìkànnì 20 sọ́tọ̀, láti orí 88 dé 92. Títí dòní, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rédíò yunifásítì wà ní Amẹ́ríkà. Ní 1946, wọ́n gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní Blue Book, èyí tó fi ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣèlérí wé ohun tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Inú bí àwọn olówó rédíò. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ pa ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn lẹ́nu.

Ìjà tó le jù kò tíì dé. Ní 1947, Ààrẹ Truman pàṣẹ pé kí wọ́n máa wádìí ìṣòótọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n lè ṣa àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ Kọ́múníìsì jáde. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn lè má mọ ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI náà ń kó àhesọ ránṣẹ́ sí àjọ rédíò nípa àwọn tó ń tọrọ ìwé àṣẹ. Durr sọ ọ́ ní gbangba pé èyí kò bófin mu, òun àti J. Edgar Hoover, ọ̀gá FBI, sì kọlu ara wọn. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí ní 1948, Truman fẹ́ dá a padà sípò. Durr kọ̀ ọ́. Kò lè jókòó lórí àga tí yóò ti máa fi òfin tí kò gbà gbọ́ mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í tìtorí pé a fẹ́ jẹ ẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀dá.

Ohun tó kọ̀ yẹn ná an lówó. Ó ń gba ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fura sí rò, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lówó lọ́wọ́. Ní 1951, òun àti Virginia ìyàwó rẹ̀ padà sí Montgomery. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n mú Rosa Parks. E. D. Nixon, aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, pe àgọ́ ọlọ́pàá, wọn kò dá a lóhùn. Ó pe Durr. Nígbà tí Durr pè, wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún un. Òun, Virginia àti Nixon jọ lọ, Nixon sì fọwọ́ síwèé béèlì.

Fred Gray, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú ẹni ọdún 24, ló gba ẹjọ́ rò. Durr ń gbà á nímọ̀ràn láti ẹ̀yìn, kò bá wọn wá òkìkí. Ìmọ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ tó kó jọ ní Washington wá wúlò nílé. Ẹjọ́ Browder v. Gayle tí Gray gbé lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ló fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì ní 1956, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ 381.

Durr kú ní 1975. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ipò tó gbé sílẹ̀ kò dín in kù. Ẹ jẹ́ ká rántí rẹ̀ nígbà tí tiwa bá kàn. Ẹni tó bá mọ ohun tí òun kò ní í ṣe kó tó dórí àga ni àga kì í gbé mì.