Ìtọ́jú àti ààbò pùròpélà bàlúù adárà

Ìtọ́jú àti ààbò pùròpélà bàlúù adárà ni àkójọ àyẹ̀wò, àtúnṣe àti ìṣọ́ra tí ó ń mú kí pùròpélà ọkọ̀ òfuurufú tí a fi ń dá àrà lójú ọ̀run ṣiṣẹ́ láìséwu. Pùròpélà ni ẹ̀rọ bí abẹ̀bẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tí ó sì ń fa bàlúù lọ síwájú. Bàlúù adárà ni èyí tí a ṣe kí ó lè dojú dé, kí ó yí po, tàbí kí ó ta òkìtì lókè. A ń fi irú rẹ̀ kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun, a sì ń fi í díje. Nítorí pé ìdárà ń fi kún agbára tí ń bá pùròpélà jà, àbùkù kékeré tí ó lè pẹ́ kí ó tó yọ bàlúù mìíràn lẹ́nu lè tètè di ewu ńlá lára bàlúù adárà.

Agbára tí ń bá pùròpélà jà

Pùròpélà tí ó ń yí ní ìgbà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gùn tó mítà 2 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, ṣóńṣó apá rẹ̀ yóò máa sáré tó nǹkan bí mítà 283 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 340 lọ ní àkókò kan náà. Eré yìí ń fa apá kọ̀ọ̀kan síta bí ẹni tí ó fẹ́ fà á yọ ní ìdí. Ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì náà sì ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn láìdáwọ́ dúró.

Ìdárà fi ẹrù mìíràn kún èyí. Ohun tí ń yí kíákíá kì í gbà kí a yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn wẹ́rẹ́. Nígbà tí awakọ̀ bá ṣàdédé darí imú bàlúù sí ọ̀nà mìíràn, pùròpélà yóò kọ̀, agbára ìkọ̀ náà yóò sì kọjá sí irin kíráńkì tí ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àrà tí a ń pè ní lomcovak, nínú èyí tí bàlúù ń ta òkìtì lé òkìtì, wà lára àwọn tí ń ni irin yìí lára jù lọ. Òfin ìṣe bàlúù ní Amẹ́ríkà ti béèrè pé kí bàlúù adárà lè fara da ìlọ́po 6 ìwúwo ara rẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní ìdúró, àti ìlọ́po 3 nígbà tí ó bá dojú dé. Wọ́n ṣe Extra 300 ti ilẹ̀ Jámánì kí ó lè fara da ìlọ́po 10 ní ọ̀nà méjèèjì.

Irú pùròpélà

Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ pùròpélà bàlúù kékeré. Ọ̀pọ̀ bàlúù ìdíje ń lo èyí tí ó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. MT-Propeller ti Jámánì ń fi igi ṣe inú apá, ó sì ń fi fáíbà bò ó. Hartzell ti Amẹ́ríkà ń ṣe apá tí ó jẹ́ fáíbà kábọ́ọ̀nù. Bí pùròpélà bá ṣe fúyẹ́ tó ni ìnira kíráńkì ń dín kù tó.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà nínú bí ọ́ìlì ṣe ń darí igun tí apá pùròpélà fi ń gé afẹ́fẹ́. Lára ọ̀pọ̀ bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì kan, bí agbára ọ́ìlì bá lọ, igun náà yóò dín kù, pùròpélà yóò sì lè sáré kọjá ààlà. Nígbà tí bàlúù bá dojú dé, ọ́ìlì lè má dé ibi tí ó yẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so irin atẹ̀wọ̀n mọ́ ìdí apá pùròpélà adárà, kí igun náà lè pọ̀ sí i bí ọ́ìlì bá já, kí eré rẹ̀ sì dín kù.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Kí bàlúù tó gbéra, awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ojú àti ọwọ́ yẹ apá kọ̀ọ̀kan wò láti ìdí dé ṣóńṣó. Ohun tí ó ń wá ni ojú ibi tí òkúta gé, ìlà sísán, ìpẹtà, ọ́ìlì tàbí gírísì tí ń jò, àti apá tí ń mì ní ìdí ju bí olùṣe rẹ̀ ṣe fàyè gbà lọ.

Lára alumíníọ̀mù, ibi tí òkúta gé ni agbára máa ń kó jọ sí. Ibẹ̀ ni ìlà sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń gùn sí i títí apá yóò fi kán. Bí apá bá kán lójú òfuurufú, ìgbọ̀nrìrì tí yóò tẹ̀ lé e lè fa ẹ́ńjìnnì tu kúrò ní ìdè rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó ní ìwé àṣẹ lè fi fáìlì fá ojú gígé kékeré títí yóò fi dán, níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú ààlà tí ìwé olùṣe gbé kalẹ̀. Apá tí ó tẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe pùròpélà. A kì í nà án ní pápá.

A máa ń fi owó irin kan fáíbà pẹ́pẹ́pẹ́. Bí ìró rẹ̀ bá ṣàdédé rẹ̀lẹ̀ níbì kan, ó ṣeé ṣe kí fáíbà ti ṣí níbẹ̀. Igi ń wú ní àkókò òjò, ó sì ń sún kì ní ìgbà ọyẹ́. Ní ilẹ̀ bíi Nàìjíríà, nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yẹ bí bóòtù pùròpélà onígi ṣe le tó wò nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Bí pùròpélà bá gbá ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì pàápàá gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò, bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ojú rí.

Ààbò lórí ilẹ̀

Pùròpélà tí ó dúró kì í ṣe òkú ẹ̀rọ. Bí wáyà tí ń pa iná magnéètò bá já, ẹ́ńjìnnì lè tàn nígbà tí ẹnìkan bá fi ọwọ́ yí pùròpélà, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà ní pípa. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí ojú ọ̀nà tí apá rẹ̀ ń gbà yí. Èrò kò gbọdọ̀ sún mọ́ bàlúù àyàfi bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú pátápátá, ẹ̀yìn ìyẹ́ sì ni ó yẹ kí ó gbà wọlé. Wọ́n máa ń kun ṣóńṣó apá ní ọ̀dà títàn nítorí pé ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí pùròpélà tí ń yí.

Ní Nàìjíríà

Àwọn Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà ti lo Air Beetle, tí wọ́n tò ní Kàdúná láti ara àwòrán RV-6A ti Amẹ́ríkà, fún ìkọ́ni. Ní 2016, Nàìjíríà ṣe àdéhùn láti ra Super Mushshak 10 láti Pakistan. Bàlúù ìkọ́ni tí ó lè dá àrà ni.

Ìjàm̀bá kan tí ó fi ewu àìṣedéédéé pùròpélà hàn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kò ṣẹlẹ̀ sí bàlúù adárà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 2013, bàlúù Embraer 120 ti Associated Aviation gbéra láti Èkó lọ sí Akúrẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òkú Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, ni ó gbé. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú rẹ̀. Ó já lulẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó gbéra, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì kú. Ìwádìí àjọ tí ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú fi hàn pé ẹ̀rọ tí ń darí pùròpélà ẹ́ńjìnnì kejì kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ìyípo pùròpélà náà sì hàn bí èyí tí kò bójú mu nígbà tí bàlúù ṣì wà lórí ilẹ̀. Àwọn awakọ̀ kò dá a dúró.

Irú bàlúù yìí kan náà ti ní ìṣòro pùròpélà ní Amẹ́ríkà. Ní 1991, àbùkù nínú ẹ̀rọ tí ń darí pùròpélà já ọ̀kan lulẹ̀ ní Brunswick, ènìyàn 23 sì kú. Ní oṣù kẹjọ 1995, apá pùròpélà òmíràn kán lójú òfuurufú. Ìpẹtà inú ihò rẹ̀ ni ìlà sísán náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kan gbogbo bàlúù, ti èrò àti ti ìdárà, ni pé kí a dá ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ nígbà tí àmì àkọ́kọ́ bá yọ, nítorí pé àyè àtúnṣe kì í sábà sí mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti gbéra.