Iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni mùsíọ́ọ̀mù, kì í ṣe ibi ìran wíwò lásán

Bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ónìkan, l'Ékòó, ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ lọ́dún 1976 ni wọ́n sábà máa ń dúró tì jù. Kò burú, ìtàn ni. Àmọ́ bí wọ́n bá sáré kọjá lára ère, igbá, ìkòkò àti aṣọ, tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà, a jẹ́ pé ìran ni wọ́n lọ wò, wọn kò kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kankan bọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé olùkọ́ iléèwé ló ṣe agbátẹrù mùsíọ́ọ̀mù náà. Olóògbé Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó mú ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà wọ àwọn iléèwé Èkó, ló rọ ìjọba amúnisìn pé kí wọ́n gba olùkọ́ mìíràn kún òun. Kenneth Murray, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, sì dé lọ́dún 1927. Ó kọ́ àwọn ọmọ n'Íbàdàn àti Umuahia. Ben Enwonwu wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn iṣẹ́ náà ń bàjẹ́, àwọn mìíràn sì ń gba òkè òkun lọ. Ariwo tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ló jẹ́ kí ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1943. Ilé tí wọ́n kó ère òkúta Èsìẹ́ sí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945, òfin tó dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde lọ́dún 1953, wọ́n sì ṣí ti Èkó lọ́dún 1957.

Báwo wá ni olùkọ́ òde òní ṣe lè lò ó? Kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, kó yan nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Lọ́jọ́ ìrìn àjò, kí àwọn ọmọ jókòó síwájú ọ̀kan, kí wọ́n yà á pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè: Kí ni wọ́n fi ṣe é? Irinṣẹ́ wo ni wọ́n lò? Ta ló ń lò ó? Èwo nínú àmì ara rẹ̀ ló ń padà wá léraléra, kí sì nìdí?

Ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í wọ ibẹ̀ dáadáa. L'Ábẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa fi páànù tí wọ́n gé lọ́nà ya tiwọn. Nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá wo aṣọ yìí dáadáa ti kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìtàn pọ̀. Tí wọ́n bá padà dé kíláàsì, kí wọ́n po láfún, kí wọ́n ya tiwọn.

Ohun tí à ń sọ kì í ṣe eré. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ọ̀gọ̀gà Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó ní apá kan, wọ́n ń gbé òyìnbó bọ̀ ní apá kejì. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley lọ́dún 1924. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. British Museum ló wà títí dòní. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kì í sanwó kó tó wọ ibẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní láti gba físà.

Èyí tó ṣẹ́ kù sílé kò gbọdọ̀ di àjèjì sí àwọn ọmọ wa. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.