Àkùkọ Kì í Yé Ẹyin: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Yan Baba Òròmọdìẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe ọlọ́sìn adìẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn adìẹ pọ̀ nínú èdè wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni èyí: nínú agbo adìẹ tí ń jẹ̀ kiri inú ọgbà, ta ni ó ń yan àkùkọ tí yóò jẹ́ baba àwọn òròmọdìẹ ọdún tí ń bọ̀?

Ibi tí adìẹ ti wá

Adìẹ kò ṣẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹyẹ igbó pupa kan ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni baba ńlá rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí egungun adìẹ ní Jenné-jeno, ní orílẹ̀-èdè Mali, èyí tí ó fi hàn pé ó ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ẹgbẹ̀rún ọdún kan ó kéré tán. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fi í sínú ìtàn ìṣẹ̀dá: adìẹ ọlọ́mọ-ìka márùn-ún ni ó tan ilẹ̀ ká ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kíyè sí iye yẹn. Mẹ́rin ni ìka ẹsẹ̀ tí adìẹ sábà máa ń ní. Ìka karùn-ún jẹ́ àmì tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà mọ adìẹ wò dáadáa.

Orúkọ tún jẹ́rìí sí i. Òpìpì ni adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Abọ́lọ́rùn ni èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò: a + bọ́ + ní + ọrùn. Àwọn onímọ̀ òde òní ti fi hàn pé ìyẹ́ abọ́lọ́rùn fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti adìẹ yòókù, ó sì lè dín tó ìdá 40 bí ó bá jogún àmì náà lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Ìdí nìyẹn tí ooru kì í fi í tètè dá a lágara.

Ọjà àti ọ̀bẹ ni ó ń yàn

Ẹ jẹ́ kí a mú Ẹ̀pẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan nínú àwọn ìlú 13 tí wọ́n para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872. Bí ó ti rí níbẹ̀ ni ó rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọdún bá dé, tàbí àlejò, tàbí ètùtù, àkùkọ wo ni a ń kọ́kọ́ mú? Èyí tí ó tóbi jù ni. Òun náà ni ó ń pa owó wọlé lọ́jà. Èyí tí ó rù, tí ẹnikẹ́ni kò rà, ni ó ń ṣẹ́kù, òun ni ó sì ń di baba.

Síbẹ̀, ayànni mìíràn wà lẹ́yìn ọ̀bẹ. Àṣá, ebi, òjò àti oòrùn ń pa èyí tí kò lágbára. Nítorí náà ni adìẹ ìbílẹ̀ fi kéré, tí ẹyin rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n tí ó mọ oúnjẹ wá, tí ó mọ ẹyin sàba, tí ó sì mọ ọmọ tọ́.

Àkùkọ àgíríìkì

Ìjọba amúnisìn dá oko ìwádìí Moor Plantation sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó yá, àwọn adìẹ òkèèrè bíi Rhode Island Red wọ ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn sì fi orúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n: adìẹ àgíríìkì. Wọ́n ń yé ẹyin púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé, oúnjẹ àti oògùn ni wọ́n ń fẹ́. Ní ọdún 1952 sí 1953 ni a kọ́kọ́ fìdí àrùn lúkúlúkú múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn kan náà. Àrùn yìí kò mọ ìbílẹ̀, kò mọ àgíríìkì. Kò sí àkùkọ tí líle rẹ̀ lè dípò abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ní Abẹ́òkúta, ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Adebambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá da ìran méjèèjì pọ̀. Adìẹ FUNAAB Alpha ni èso iṣẹ́ wọn. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí a ṣe lè yan baba

Àkùkọ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́wàá. Nítorí náà, òun ni ìdajì ogún gbogbo òròmọdìẹ inú agbo. Bẹ́ẹ̀ kì í yé ẹyin. Báwo ni a óò ṣe mọ̀ bóyá ìran rẹ̀ ń yé? Ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ni kí a wò. Èyí tí ìyá rẹ̀ yé púpọ̀, tí ó pamọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì yè, ni kí a fi pamọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí a tó wo ara rẹ̀: ojú tí ó mọ́ kedere, ogbe pupa, ẹsẹ̀ tí ó tọ́, àti igẹ̀ tí kò wọ́. Kí ó jẹ́ akíkanjú tí ń pe àgbébọ̀ wá sídìí oúnjẹ. Kí ó má sì jẹ́ ọmọ ìyá àwọn tí yóò gùn. Ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ará àdúgbò mìíràn. Bí ìyẹ́ àkùkọ bá ká sókè, ẹ má ṣe fi í fún àgbébọ̀ tí ìyẹ́ tirẹ̀ náà ká, nítorí àwọn kan nínú ọmọ wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyẹ́ rárá. Ní pàtàkì, ẹ yan baba kí ọdún tó dé, kí ọ̀bẹ má bàa yàn fún yín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Bí ẹ bá délé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín iye irú adìẹ tí wọ́n mọ̀ àti orúkọ tí ẹ̀ka-èdè ìlú yín fi ń pè wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò mọ̀ ju ìbílẹ̀ àti àgíríìkì lọ mọ́. Bí a bá sì ta abọ́lọ́rùn tó kẹ́yìn nínú ọgbà, inú ìwé atúmọ̀-èdè nìkan ni orúkọ rẹ̀ yóò kù sí.