Ògùnpa Kò Ṣe É Fojú Wọ̀n

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì gbé ènìyàn tó ju 200 lọ. Omíyalé ni àwọn ará ìlú sọ ọ́. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí odò náà yóò wọlé onílé: ó ti ṣe é ní 1960, 1963 àti 1978. Lẹ́yìn Omíyalé ni wọ́n wá gbẹ́ ojú odò náà, tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Síbẹ̀, nígbà tí òjò 187.5 mìlímítà rọ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, ó ju 100 ènìyàn lọ tó tún bómi lọ káàkiri ìlú, afárá Àpẹ̀tẹ̀ sì wó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ọ̀ràn ìdọ̀tí inú gọ́tà àti ilé tí wọ́n kọ́ sí ipadò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìní mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: àwọn ọ̀mọ̀wé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wọn àgbàrá, kí wọ́n sì ṣírò ibi tí yóò gbà kí òjò tó ṣú, kò tó wa.

Ìṣirò rẹ̀ kò fara sin. Ẹ mú pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 120 ní gígùn. Omi tí òjò 2011 dà sórí irú rẹ̀ lé ní 125,000 lítà, ìyẹn dúróòmù onílítà 200 tó ju 600 lọ. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ igbó, ewé, gbòǹgbò àti ihò kòkòrò yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ páànù àti sìmẹ́ńtì, gọ́tà ni omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí tán. Robert Horton, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1933 pé bí òjò bá ń yára rọ̀ ju bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún lọ, èyí tó ṣẹ́kù ni yóò di àgbàrá. Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829 ti fẹ̀ gba orí òkè tí omi Ògùnpa ti ń ṣàn wá. Òjò tí àwọn baba ńlá wa rí lè má yí padà rárá, kí àgbàrá rẹ̀ sì ti di ìlọ́po.

Ẹ̀rí pé a lè wọn èyí nílé wà ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó dàgbà ní Íńdíà, pín ilẹ̀ sí abala abala lẹ́yìn tó débẹ̀ ní 1970. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 25, ìbú rẹ̀ mítà 4, lórí ìdagẹ̀rẹ̀ oríṣi mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ abala ni wọ́n ti ń gba omi àti ẹrẹ̀ tí òjò bá gbá wá, tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Níbi tí ilẹ̀ wà ní ìhòòhò, àgbàrá pọ̀. Níbi tí wọ́n fi pòròpórò àti koríko bò dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ẹnìkan lè ní ìṣirò ti wà nílùú òyìnbó, kí la tún ń wá? Lóòótọ́, láti 1851 ni Thomas Mulvany ará Ireland ti fi ọgbọ́n kan lélẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò fún gọ́tà: bí òjò ṣe le tó, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti ìpín òjò tó ń ṣàn lọ, kí a sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Ṣùgbọ́n ìpín yẹn kò ṣe é yá láti Dublin wá sí Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀mọ̀wé kì í kó ìdọ̀tí gọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gọ́tà tó há yóò kún bó ti wù kó mọ́ tó. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé tí yóò kọ̀ fún un gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Sùúrù ọdún púpọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, oyè ọ̀mọ̀wé ló sì ń fún ènìyàn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Norman Crawford, akẹ́kọ̀ọ́ Ray Linsley ní Yunifásítì Stanford, wà nídìí Stanford Watershed Model, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn méjèèjì gbé jáde ní 1966, tí ọ̀pọ̀ ètò mìíràn sì ti ara rẹ̀ yọ. Irú àyè náà ṣí sílẹ̀ létí Ògùnpa àti odò Kúdẹtì ní Ìbàdàn: ìpín wo nínú òjò ló ń di àgbàrá ní àdúgbò onípáànù? Báwo ni omi ṣe ń pẹ́ tó láti orí òkè dé Dùgbẹ̀? Ìjọba tó ń náwó sí kọnkéré yẹ kó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe owó ìrànwọ́ fún àwọn tí yóò wá ìdáhùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afárá kan náà la ó máa tún kọ́ lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan.